Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ Má Di Gbogbo Ẹ̀bi Ru Awakọ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ ọjà tí àwọn ènìyàn ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2012 tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, iṣẹ́ yìí ti di ọ̀nà oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́: àwọn kan wà ní ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kan ń gun alùpùpù, àwọn kan ń wa ọkọ̀. Bí ọjà bá pẹ́ tàbí tí ó bá yàtọ̀, ẹni tí ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ni oníbàárà máa ń bú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣìṣe lè ti wà nínú páálí kí awakọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni kíkà. Bí ẹrù bá wọlé, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé áyọ́ọ̀nù 10 wà, tí ó sì jẹ́ pé 7 ni ó wà lórí pẹpẹ, ènìyàn mẹ́ta lè sanwó fún ohun tí kò sí. Kíkà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò tó. Kí a máa ka pẹpẹ díẹ̀ lójoojúmọ́ títí a ó fi kà wọ́n yípo, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni àyè. Pẹpẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọjà tí ó ń yá ni kí ó súnmọ́ tábìlì tí a ti ń dì í. Ilé ìkẹ́rùsí tí kò bá létò, ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ẹ̀kẹta ni yíyẹ̀wò. Ẹni tí ó ṣa ọjà kọ́ ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn ni kí ó mú ìwé, kí ó wo iye rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Èyí sàn ju kí bàtà nọ́ńbà 42 rìn dé Ìbàdàn lọ bá ẹni tí ó béèrè 40.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà. “Ẹ̀yìn ọjà, ilé aláwọ̀ ewé” kò tó ní àdírẹ́sì. Kí a tẹ oníbàárà láago kí páálí tó kúrò nílé, pàápàá ẹni tí yóò sanwó nígbà tí ọjà bá dé. Kí a kó ẹrù Ìkòròdú pọ̀ mọ́ ti Ìkòròdú, ti Àgbádárìgì mọ́ ti Àgbádárìgì. Bí a bá da méjèèjì sínú ọkọ̀ kan, epo á jó, ilẹ̀ á ṣú, ẹrù kò sì ní tán. Ọjà tí ó bá padà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn ọ̀gá kan rò pé bí ọjà bá ń pẹ́, kí a sáà máa lé òṣìṣẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkánjú láìsí ètò, àṣìṣe ni ó ń bí. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ní ìpínlẹ̀ California, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022, pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńlá kọ iye iṣẹ́ tí wọ́n ń retí sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, kí iye náà má sì dí i lọ́wọ́ oúnjẹ, ìsinmi tàbí ilé ìyàgbẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n ka ìbò àwọn òṣìṣẹ́ Amazon ní Staten Island, New York: 2,654 fẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, 2,131 kò fẹ́.

Ohun mẹ́ta ni àwa náà ń béèrè. Kí wọ́n kọ iye iṣẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀ níbi tí gbogbo wa yóò ti rí i. Kí awakọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún lórí páálí gba owó ìrìn rẹ̀ bí oníbàárà bá kọ ọjà. Kí wọ́n wádìí ibi tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gé owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wa lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí àwa náà ka ẹrù wa pé, kí a sì kọ ọ́ dáadáa. Ìwé tí a kọ lónìí ni yóò gbèjà wa lọ́la. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.