Ọ̀nà Tó Lọ sí Iṣẹ́ Sáíkọ́lọ́jì, àti Ohun Tí Aro Fi Kọ́ Wa

Ẹ ní kí n sọ ọ̀nà tí ọmọ lè gbà di onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì. Mi ò ní fi ìtumọ̀ gba àkókò wa. Gbogbo yín mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni. Ohun tí mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ni àríyànjiyàn tó ti pẹ́ láàárín èmi àti àwọn kan, tí wọ́n ní ẹni tí kò bá kọ́ ìṣègùn kò níṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ aláìsàn ọpọlọ.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ìbátan mi kan bi mí pé, "Ṣé wèrè lo fẹ́ máa wò ni? Kí ló dé tí o ò kúkú ṣe dókítà?" Ìbéèrè yẹn náà ni àwọn òbí ṣì ń gbé wá bá mi, Lambo, dókítà ọpọlọ, ni wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀rí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Lambo.

Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti bí Thomas Adeoye Lambo ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School, ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní 1954, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn, wọ́n sì ń gbowó ilé. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ ní láti bá a wá, kó máa se oúnjẹ rẹ̀, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, kó sì mú un padà lọ́sàn-án. Ilé ìwòsàn náà pèsè omi àti ṣáláńgá fún abúlé. Lambo tún fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní àìsí bẹ́ẹ̀dì lásán ló fa ètò yìí. Mi ò gbà. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì wà tán, ṣé wọ́n kó àwọn aláìsàn kúrò lábúlé? Rárá, ètò náà ń bá a lọ. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta yìí. Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Cornell ní Amẹ́ríkà bá Lambo ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Ẹ wo orúkọ tó wà lára ìwé náà: Charles Hughes àti Jane Murphy kì í ṣe dókítà, ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá ni wọ́n kọ́. Nínú ètò Aro náà, bí dókítà bá ti lọ sílé lálẹ́, ta ló kù lọ́dọ̀ aláìsàn? Ìbátan rẹ̀ àti onílé ni. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ìdílé, tó mọ ohun tó ń ba aláìsàn lẹ́rù àti ohun tó lè dá àìsàn padà, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ni. Ẹ̀yin òbí tó ń gba fọ́ọ̀mù JAMB lọ́wọ́ ọmọ láti fi "Medicine" sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́.

Ọ̀nà náà nìyí. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò níbẹ̀. Kó má fi bàọ́lọ́jì ṣeré. Ọdún mẹ́rin ni oyè àkọ́kọ́, ní Ìbàdàn, Èkó, Ifẹ̀, tàbí ní ìpínlẹ̀ wa, ní Olabisi Onabanjo, Àgọ́-Ìwòyè. Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, kó má rò pé ó ti tó. Oyè àkọ́kọ́ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di olùtọ́jú aláìsàn: àfi kó gba oyè kejì nínú ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn (clinical psychology), kó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà onímọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì yóò tẹ̀ síwájú dé oyè ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn, kó wá Guidance and Counselling ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ wà ní Aro.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà nílò òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí kò tíì fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ètò, ká jọ yẹ ẹ̀ka tí ẹ mú wò.