Ta Ló Ń Sọ Owó Di Owó?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé owó àtijọ́ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) fẹ́ fi tuntun rọ́pò, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan, ṣì ṣeé ná títí di ìparí ọdún náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ dáńfó àti ìyá ọlọ́jà l'Ékòó kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé báńkì ò ní gbà á lọ́wọ́ àwọn. Èrò tó fẹ́ wọkọ̀ ní Ọbáléńdé lè ní ìdájọ́ lẹ́yìn, kí ó má rí ọkọ̀ wọ̀. Ìgbà tí CBN sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù náà ni owó ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà.

Ọ̀rọ̀ owó kírípítò tó bá pínyà kò yàtọ̀ sí èyí.

Bitcoin àti Ethereum kò ní báńkì àpapọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń tọ́jú ìwé ìṣirò kan náà, lábẹ́ òfin kan náà. Bí apá kan bá yí òfin padà tí apá kejì sì fàáké kọ́rí, ìwé á di méjì, ẹni tó ní owó tẹ́lẹ̀ á sì ní in nínú méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè dá irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kí aráyé tó gbà láti ná owó tuntun náà ni iṣẹ́ wà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, olè kan rí àlàfo nínú The DAO, àpò ìdókòwò kan lórí Ethereum, ó sì fa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ether, owó Ethereum, jáde. Vitalik Buterin, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ Ethereum, fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yí òfin padà kí owó lè padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọ̀pọ̀ jù lọ tẹ̀ lé e. Àwọn tó ní a kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́ dúró sórí ìwé àtijọ́, wọ́n sì pè é ní Ethereum Classic. Buterin kò sí lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ìwé náà wà níbẹ̀, ilé pàṣípààrọ̀ Poloniex sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó kéré sí ìkejì rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó wà láàyè títí dòní.

SegWit2x, ètò kan láti yí òfin Bitcoin padà, ló yẹ kí olóyè àti olówó kọ́gbọ́n lára rẹ̀ jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ilé iṣẹ́ tó lé ní 50 fẹnu kò ní New York láti sọ ààyè inú ìwé Bitcoin di ìlọ́po méjì. Wọ́n ní ohun tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ọ ló wà lẹ́yìn àwọn. Àwọn tó ń kọ ètò Bitcoin àti àwọn mẹ̀kúnnù tó gbé ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà ilé wọn kò gbà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, kí ọjọ́ ìpínyà tó pé, àwọn aṣáájú ètò náà fúnra wọn dá a dúró, wọ́n ní àwọn kò tíì rí ìfohùnṣọ̀kan tó tó.

Bitcoin Cash, tó pínyà kúrò lára Bitcoin ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, rí alátìlẹyìn, ó sì yè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjà pín òun náà sí méjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ra kírípítò, bí wọ́n bá gbé owó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà wá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń gbà á àti àwọn tó ń ṣọ́ ìwé rẹ̀. Kí CBN náà jọ̀wọ́ pe ọlọ́jà àti awakọ̀ jókòó kí ó tó tún fọwọ́ kan náírà.