Ohun tó wà nínú òwú wa, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ká a ní mímọ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ Pobè àti Sakété sọ

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara òwú tó wà lọ́wọ́ yín.

Bí a bá pín ẹ̀gbọ̀n òwú gbígbẹ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ohun kan ṣoṣo: sẹ́lúlóòsì. Anselme Payen, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1838. Ṣúgà kéékèèké ni, tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn gígùn. Àwọn okùn yìí di ara wọn mú ṣinṣin. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fọ aṣọ òwú tí kì í yọ́ sómi.

Ṣùgbọ́n bí àwọn onímọ̀ bá fi sódà àti kẹ́míkà mìíràn ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àwọn okùn náà á tú ọwọ́ ara wọn sílẹ̀, wọ́n á sì yọ́ sínú omi tútù. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni hydroxypropyl cellulose, tí wọ́n fi ń di oògùn oníhóró pọ̀. Ní 1976, Werbowyj àti Gray, ní Kánádà, ròyìn ohun ìyanu kan nípa rẹ̀.

Ẹ wo ọwọ̀. Bí ẹ bá ju ẹyọ díẹ̀ sínú omi, oníkálukú á kọjú síbi tó wù ú. Bí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n sì fún, wọ́n ní láti kọjú síbì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni okùn wọ̀nyí ń ṣe bí omi bá dín: wọ́n ń ṣàn, síbẹ̀ wọ́n tò létòlétò. Ìpele kọ̀ọ̀kan yí díẹ̀ lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹní tí a tò léra tí a ń yí díẹ̀díẹ̀. Ètò yìí ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí a fi ń rí pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù, láìsí aró kankan nínú rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń dín sí i ni àwọ̀ ń kúrò ní pupa lọ sí búlúù.

Kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀? Ẹ̀gbọ̀n kúkúrú tó kù lára kóró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ya òwú lè di irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Igi náà lè dì í. Ẹni tó ń rà á, èyí tó mọ́ ló ń wá. Fọ́nrán àpò rọ́bà kì í ṣe sẹ́lúlóòsì: aró aṣọ òwú kì í mú un. Òwú tí ìrì tàbí omi wà lára rẹ̀ á bu, ohun tó ń mú un bu a sì máa gé okùn náà kúkúrú.

A ò ní sanwó àwọ̀ yẹn fún yín. Owó òwú mímọ́ lẹ máa gbà. Ní sáà 2022 sí 2023, kílò onípò kìíní jẹ́ 300 fáránkì, onípò kejì 250. Lórí tọ́ọ̀nù kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50,000 fáránkì.

Nítorí náà:
– Ẹ dúró kí ìrì gbẹ kí ẹ tó ká a.
– Ẹ mú àpò méjì lọ sóko: ọ̀kan fún èyí tó funfun, ọ̀kan fún èyí tó pọ́n tàbí tó ní àbàwọ́n.
– Àpò aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má lo àpò ajílẹ̀.
– Ẹ ṣa ewé àti pàǹtí kúrò, kẹ́ ẹ sá a lórí ohun tó mọ́.
– Ẹ má bu omi sí i kó lè wúwo.

Oko á sanwó o.