Abẹ́rẹ́ Kọ́ńpáàsì, Irin Inú Ilẹ̀ àti Gábàsì

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìṣẹ̀rí-Olófin)

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn Àwórì a máa sọ nínú ìtàn wọn pé àwo tí ó léfòó lórí omi ni Olófin tẹ̀lé títí tí àwo náà fi rì, àti pé láti inú "àwo rì" ni orúkọ wọn ti jáde. Lónìí, bí àwọn ará àdúgbò bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ mọ́ṣáláṣí lélẹ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ni wọ́n ń tẹ̀lé. Bí kọ́ńpáàsì méjì bá takora, àríyànjiyàn a dé, nígbà mìíràn a sì pín jámáà sí méjì. Ó yẹ, nígbà náà, kí Mùsùlùmí mọ ohun tí ń darí abẹ́rẹ́ náà.

Bí ó bá ṣeé ṣe láti gbẹ́ ilẹ̀ dé 2,900 kìlómítà, irin yíyọ́ tí níkẹ́ẹ̀lì dà pọ̀ mọ́ ni ènìyàn yóò bá níbẹ̀. Ó nípọn tó nǹkan bí 2,200 kìlómítà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kókó irin líle wà ní àárín gbùngbùn. Arábìnrin Inge Lehmann, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ó fi ìmìtìtì ilẹ̀ mọ̀ ní 1936 pé kókó náà wà.

Àwọn kan rò pé òòfà ńlá kan ni ó wà nínú ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí ó bá gbóná ju 770 dígírì lọ kò lè dá òòfà dúró mọ́, ooru ibẹ̀ sì ju 3,000 dígírì lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni àpèjúwe tí ó bá a mu. Bí irin yíyọ́ náà ti ń pàdánù ooru, èyí tí ó gbóná ń gòkè, èyí tí ó tutù ń rì, gẹ́gẹ́ bí ògì tí ń hó nínú ìkòkò. Yíyí tí ayé ń yí sì ń lọ́ ìṣàn náà. Iná mànàmáná a máa gba inú irin kọjá. Nítorí náà, bí irin yìí ti ń ṣàn nínú agbára òòfà tí ó ti wà nílẹ̀, iná ń bí nínú rẹ̀, iná náà sì ń bí òòfà mìíràn. Báyìí ni ọ̀kan ń gbé èkejì ró. Joseph Larmor ni ó dá àbá yìí ní 1919.

Ohun tí ń ṣàn kì í dúró sójú kan. Ní 1635, Henry Gellibrand fi hàn pé ibi tí abẹ́rẹ́ ń kọjú sí ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ibi tí ó kọjú sí ní 1580 mọ́. Ibùdó òòfà ti àríwá, tí James Clark Ross dé ní 1831 ní Kánádà, ti ń rìn lọ síhà Siberia. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ìrìn rẹ̀ ju 50 kìlómítà lọ lọ́dún. Àwọn òkúta àtijọ́ tilẹ̀ jẹ́rìí pé àríwá àti gúúsù òòfà ti pààrọ̀ ipò rí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ti tó 780,000 ọdún.

Ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, abẹ́rẹ́ fi ohun tí ó ju dígírì 10 lọ yà kúrò ní àríwá gidi síhà ìwọ̀-oòrùn. Lónìí, kò tó dígírì 2 mọ́. Láti Èkó, ìyàtọ̀ dígírì 1 a máa gbé ènìyàn jìnnà sí Ká'abà ní nǹkan bí 70 kìlómítà. Ti dígírì 10 a sì súnmọ́ 700.

Síbẹ̀, àṣìṣe kan wà tí ó tóbi jù èyí lọ. Gábàsì tí à ń pè, ọ̀rọ̀ Hausa ni. Ìlà-oòrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá rò pé ìlà-oòrùn gan-an ni Ká'abà wà. Láti Èkó, dígírì 63 láti àríwá síhà ìlà-oòrùn ni. Ẹni tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn gan-an ti fi dígírì 27 ṣìnà.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí a gbé kọ́ńpáàsì jìnnà sí ọ̀pá irin, páànù, ọkọ̀ àti gbohùngbohùn, nítorí gbogbo wọn ni ó lè fa abẹ́rẹ́. Èkejì, kí a ṣírò ìyapa abẹ́rẹ́ ti ọdún tí a wà, kì í ṣe ti ìwé àtijọ́. Ẹ̀kẹta, kí a fi oòrùn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 27 tàbí 28 oṣù Karùn-ún, ní aago 10:18 òwúrọ̀ ti Nàìjíríà, àti ní 15 tàbí 16 oṣù Keje, ní aago 10:27, oòrùn a máa wà lókè Ká'abà gan-an. Ẹni tí ó bá kọjú sí oòrùn lásìkò náà ti kọjú sí Ká'abà. Òjìji ọ̀pá tí a gbé nàró a sì tọ́ka sí òdìkejì rẹ̀.

Sultan al-Ashraf ti Yemen, tí ó kú ní 1296, ti kọ̀wé lórí kọ́ńpáàsì àti gábàsì. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímímọ̀ fọwọ́ sí i pé ìhà Ká'abà tó fún ẹni tí ó jìnnà sí i. Nítorí náà, kí a ṣe àtúnṣe ibi tí àṣìṣe bá ti hàn kedere, kí a fi ìlà tuntun sí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ìfìmọ̀ṣọ̀kan. Nítorí dígírì kan tàbí méjì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú jámáà ká.

Kí Ọlọ́hun tọ́ gbogbo Mùsùlùmí sọ́nà. Àmín.