Aṣọ Tí Kòkòrò Àrùn Ń Wọ̀

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Kòkòrò òtútù àyà, Streptococcus pneumoniae, ní aṣọ tirẹ̀, èyí tí a fi ṣúgà hun, tí kì í jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rí i gbé mì.

Jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú rẹ̀, ni ó ń díwọ̀n aṣọ náà. Nínú imú, níbi tí ó ti gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara, a fẹ́lẹ́. Nínú ẹ̀jẹ̀, a nípọn bí agbádá.

Ní 1928, Frederick Griffith ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ooru pa kòkòrò aláṣọ, ó pò ó mọ́ aláìláṣọ tí ó wà láàyè, ó sì gún un sára eku. Kò sí èyí tí ó lè dá pa eku nínú méjèèjì. Síbẹ̀ eku kú. Aláìláṣọ ti di aláṣọ! Ní 1944, Avery, MacLeod àti McCarty fi hàn pé DNA ni ó gbé àṣẹ náà láti ara òkú dé ara alààyè.

Aṣọ yìí kan náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ń kọ́ ara ọmọdé láti dá ọ̀tá mọ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi aṣọ náà ju 90 lọ, abẹ́rẹ́ kò sì tíì kárí gbogbo wọn. Iṣẹ́ kò tíì parí.