Bóòtù Yẹn Ò Rí Yín: Ọ̀rọ̀ Lórí Káyáàkì Àti Ọ̀sà Èkó

Bóyá inú dánfó lẹ wà tí ẹ ń gbọ́ mi, bóyá ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, tàbí ẹ kàn ń kà á lórí fóònù nítorí pé dátà ò tó, gbogbo yín ni mo kí.

Ọ̀rọ̀ orí omi ni mo gbé wá lónìí. Ẹ ó ti máa rí i lórí Instagram: àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa nínú káyáàkì lójú ọ̀sà Èkó, oòrùn ń wọ̀, afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí wà lẹ́yìn wọn, àjẹ̀ wà lọ́wọ́, eyín wà níta. Ó wuni. Ó wu èmi náà, mo sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í fi bóòtù tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn ẹni tó ń ya fọ́tò hàn wá. Bóòtù yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, káyáàkì ni ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn kan tàbí méjì ń jókòó sí, tí a ń fi àjẹ̀ olórí méjì wà: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ibi tí èèyàn jókòó sí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú omi dọ́gba. Ohun tó mú un dùn nìyẹn, ohun tó mú un léwu náà nìyẹn.

Títì ni ọ̀sà yìí

Ẹ jẹ́ ká fi í sọ́kàn pé omi Èkó kì í ṣe omi ìwẹ̀ inú hòtẹ́ẹ̀lì. Títì ni. Ẹ wo Five Cowrie Creek, omi tó gba àárín Ìkòyí àti Victoria Island kọjá. Bóòtù akérò ń gba ibẹ̀. Bóòtù àwọn tó ń ṣe fàájì ń gba ibẹ̀. Jet ski ń gba ibẹ̀. Àwọn apẹja pẹ̀lú ọkọ̀ onígi wọn náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá wá forí lé Tarkwa Bay, ẹ ó bá Commodore Channel pàdé, ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọ èbúté Àpápá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì, kò sì lè yà fún yín.

Ẹni tó bá gbé káyáàkì síbẹ̀ láìronú, ó dà bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere sórí Third Mainland Bridge ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà.

Ẹ rí i, kò rí yín

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé tí àwa bá ti rí bóòtù, bóòtù náà ti rí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé a kéré, a sì wà nísàlẹ̀. Ìgbì kékeré lásán lè bo káyáàkì mọ́ awakọ̀ lójú.

Ìdí kejì ni imú bóòtù. Nígbà tí awakọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná sí ẹ́ńjìnnì, imú bóòtù á gbé sókè kí ó tó wálẹ̀. Ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, awakọ̀ kò rí iwájú rẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, ẹ̀yìn pátápátá ni awakọ̀ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, orí àwọn èrò wá dí i lójú. Nítorí náà, ẹ má sún mọ́ ibi tí bóòtù ti ń gbéra. Iwájú jẹ́tì kì í ṣe ibi tí a ti ń ya fọ́tò.

Ìdí kẹta ni oòrùn, òun ló sì máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ ó rí bóòtù tó ń bọ̀ níwájú kedere, gbogbo ara rẹ̀ á máa tàn. Inú yín á balẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ yẹn, ojú oòrùn ló ń wò. Omi ń kọ mànà lójú rẹ̀, ẹ̀yin sì wà láàárín ìmọ́lẹ̀ yẹn bí ààmì dúdú kékeré kan. Bí ẹ bá ṣe ń rí i tó, bẹ́ẹ̀ ni kò rí yín tó. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni a sì fẹ́ràn jù láti jáde. Nígbà ọyẹ́, kurukuru á tún fi tirẹ̀ kún un.

Etí náà ńkọ́? Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe, nítorí náà etí ni mo kọ́kọ́ máa ń fi wo nǹkan. Mo gbé máíìkì lọ sí jẹ́tì kan láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tí mo padà gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀, atẹ́gùn àti omi tó ń gbá ògiri ti bo ìró ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Kí ìró náà tó yọ dáadáa, bóòtù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ilẹ̀ ni máíìkì yẹn wà o. Ẹni tó wà lórí omi, tó tún ki ìyapìsì bọ etí, kí ló fẹ́ gbọ́? Èmi tí mò ń ṣe pọ́díkáàsì ni mò ń sọ fún yín: ẹ má gbọ́ mi nígbà tí ẹ bá wà nínú káyáàkì. Ẹ dé ilé kí ẹ tó gbọ́ mi.

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lórí omi, ẹ máa bojú wẹ̀yìn lóòrèkóòrè, torí bóòtù tó wà lẹ́yìn ni ẹ kì í rí.

Ta ló ni ọ̀nà?

Àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín àwọn tó ń wa káyáàkì. Wọ́n á ní: “Èmi ni mò ń fi ọwọ́ wà, òun ní ẹ́ńjìnnì, òun ló yẹ kó yà fún mi.”

Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Òfin àgbáyé kan wà tí wọ́n fi ń dènà kí ọkọ̀ ojú omi má kọlu ara wọn. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é. Òfin kejìdínlógún nínú rẹ̀ to àwọn ọkọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ yà fún ẹnìkejì: ẹlẹ́ńjìnnì yóò yà fún ọkọ̀ tó ń lo ìgbòkun, àwọn méjèèjì yóò yà fún ọkọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹja pípa, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà kò sí nínú ètò yẹn rárá. Òfin kẹsàn-án wá sọ pé nínú ọ̀nà omi tóóró, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 20 kò gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ tí kò lè gba ibòmíràn kọjá lọ́wọ́. Mélòó ni káyáàkì wa? Mítà mẹ́ta sí márùn-ún.

Ní ti ilé wa níbí, àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ àti àjọ LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó ló ń bójú tó ojú omi. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù ni kí gbogbo èèyàn wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí àwọn akérò má sì rìn lóru.

Ká tilẹ̀ ní ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà. Irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ò mọ ẹni tó jàre. Ẹ̀mí lẹ fẹ́ gbé délé, kì í ṣe ẹjọ́.

Ìṣirò kékeré kan

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni ìgbà tí a bá fẹ́ dá ọ̀nà bóòtù kọjá. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí.

Ká ní ọ̀nà náà fẹ̀ tó mítà 100. Káyáàkì tó ń lọ ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 72 kó tó dé òdìkejì. Bóòtù tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, mítà mélòó ni yóò lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 72 yẹn? Mítà 800. Ẹ gbọ́ ọ o, mítà 800. Bóòtù tí ẹ rí ní ọ̀ọ́kán, tó dà bí ẹyẹ lórí omi, lè bá yín kí ẹ tó kọjá tán. Èyí tó bá wà ní mítà 400 nígbà tí ẹ gbéra, agbedeméjì gan-an ni yóò ti bá yín.

Nítorí náà, bí a ṣe ń kọjá nìyí. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún ọ̀tún wò. Tí bóòtù kan bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má gba iwájú bóòtù láé. Nígbà tí ẹ bá máa kọjá, ẹ dá a lóròó tààrà, ẹ má gbà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀, torí ìdàgẹ̀rẹ̀ máa ń fi kún iye àkókò tí ẹ ó lò níbẹ̀. Tí ẹ bá pọ̀, ẹ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín kí ẹ kọjá pọ̀. Tí ẹ bá tò gbọọrọ bí ọmọ ilé ìwé, ẹni tó kẹ́yìn ni bóòtù máa bá lójú ọ̀nà. Ẹ má sì dúró láàárín láti ya fídíò.

Lábẹ́ afárá, ẹ ṣọ́ra sí i. Òpó afárá máa ń bo bóòtù mọ́ wa lójú, ó sì máa ń bo àwa náà mọ́ bóòtù.

Nígbà tí ìgbì bá dé

Bóòtù ti kọjá, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ dúró ná. Ìgbì rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀gbẹ́ káyáàkì ni ìgbì fi máa ń dà á nù. Nítorí náà ẹ yí imú káyáàkì sí ìgbì náà, ẹ tú ìbàdí sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi àjẹ̀ wa omi lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi àjẹ̀ kan omi dúró ṣinṣin ju ẹni tó gbé àjẹ̀ sókè tó ń pariwo lọ. Ẹ má sún mọ́ ògiri tí wọ́n fi kọnkéré mọ sí etí omi. Ìgbì tó bá lu ògiri yẹn máa ń padà wá, yóò pàdé èyí tó ń bọ̀, omi á wá máa fò sókè láìnídìí tí ẹ lè rí.

Ohun tó yẹ kó wà lára yín

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni àkọ́kọ́, kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ so ó. Ẹ má fi jókòó. Ẹnì kan á ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí nǹkan bá gbá lórí kò ní lè wẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa gbé e léfòó.

Àwọ̀ tó ń pariwo ni ìkejì: ọsàn, yẹ́lò, àwọ̀ ewé tó ń tàn. Dúdú àti búlúù dára ní fọ́tò, ṣùgbọ́n omi náà dúdú. Tí ẹ bá lè kun orí àjẹ̀ yín ní àwọ̀ tó tàn, ẹ kùn ún, nítorí àjẹ̀ ń lọ sókè sódò, ohun tó bá sì ń mì ni ojú awakọ̀ máa ń tètè rí.

Fèrè ni ìkẹta, kí ẹ so ó mọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Lójú omi, fèrè kúkúrú márùn-ún léra túmọ̀ sí pé: “Ohun tí o fẹ́ ṣe ò yé mi.” Tí bóòtù bá ń bọ̀ tààrà, ẹ fọn ọ́n, kí ẹ sì na àjẹ̀ sókè kí ẹ máa jù ú.

Tọ́ọ̀ṣì ni ìkẹrin, bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ jáde. Fóònù náà, kí ó wà nínú ọ̀rá tí omi kì í wọ̀, kó so mọ́ ara yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 àti 112. Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan lórí ilẹ̀ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé.

Tí káyáàkì bá dojú dé, ẹ má wẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ dì í mú. Orí yín nìkan kéré púpọ̀ lójú omi. Káyáàkì aláwọ̀ títàn ni bóòtù á rí. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín yí yín ká, kí wọ́n na àjẹ̀ sókè títí ẹ ó fi padà wọlé.

Kì í ṣe tiwa nìkan

Kí n tó dákẹ́. Àwa ń wa káyáàkì fún ìgbádùn lópin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n àti ìyá wa láti Mákòókó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ onígi lójú omi kan náà. Ọkọ̀ wọn kì í tàn. Ìgbì tó ń bà wá lẹ́rù ń da omi sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Wọn kì í fi fídíò rẹ̀ síta.

Nítorí náà, tí ẹ bá jẹ́ èrò inú bóòtù, tàbí tí ẹ háyà bóòtù fún ọjọ́ ìbí, ẹ lẹ́nu níbẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, ẹnì kan ń fi ọwọ́ wakọ̀ níwájú.” Ẹ̀yin lẹ sanwó, yóò gbọ́. Tí àwa náà bá wà nínú káyáàkì, ká má fi imú ọkọ̀ ya àwọ̀n apẹja, ká sì kí wọn. Àwọn ló mọ ibi tí omi ti ń fà àti wákàtí tí bóòtù ń pọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n á sọ fún yín.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó máa ń lọ ya fọ́tò lórí omi. Kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní bóòtù pẹ̀lú. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó máa lọ, a ó máa bọ̀, omi ò ní gbé wa lọ o.