Máíkírósíkóòpù Tí A Tì Mọ́nú Kọ́bọ́ọ̀dù

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpéjọ ọdún wa. Mo tún un tò díẹ̀ nítorí ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ipa akẹ́kọ̀ọ́jáde nínú ìdàgbàsókè ilé ìwé. Ẹ foríjì mí, mi ò ní sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi lónìí, òun náà ni ọ̀rọ̀ máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Ìdí ni pé lọ́sàn-án yìí ẹgbẹ́ wa fẹ́ dìbò lórí owó tí a ó fi ra mẹ́fà tuntun fún lábù báyọ́lọ́jì. Kí ẹ tó nawọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Kí n tó di oníròyìn, OND nínú Science Laboratory Technology ni mo kọ́kọ́ gbà ní poli. Ìwé ìròyìn ló fà mí kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́. Nítorí náà, bí mo ṣe dé ilé ìwé, lábù ni mo kọ́kọ́ yà sí. Máíkírósíkóòpù márùn-ún ni a ní nígbà tiwa, ẹ ó rántí. Ọ̀kan wà lórí tábìlì, òun ni gbogbo kíláàsì ń lò, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, dígí rẹ̀ ti sán létí. Mẹ́rin yòókù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú àpótí onígi wọn, a sì fi láílọ́ọ̀nù bò wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. À ń tọ́jú wọn de ìdánwò WAEC àti de àlejò láti Mínísírì.

Mo ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà fún mi. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n dé. Mo yọ lẹ́ńsì ọ̀kan, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: òwú funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló hù sínú rẹ̀, ó ta bíi gbòǹgbò káàkiri. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ẹbí ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Mo wo ìkejì, mo wo ìkẹta, bákan náà ni. Ìkẹrin sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kùrukùru ni òun náà ń fi hàn. Arúgbó orí tábìlì ńkọ́? Mo kán omi kòtò ẹ̀yìn kíláàsì sí síláìdì, mo tì í bọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú omi ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀, mo ń rí wọn kedere. Èyí tí a fìyà jẹ ló ríran, àwọn tí a kẹ́ ló fọ́jú.

Kí ló fà á? Fọ́ńgọ́ọ̀sì kò fẹ́ ju nǹkan mẹ́ta lọ: ọ̀rinrin, òkùnkùn, àti afẹ́fẹ́ tí kò rìn. Àpótí tí a dé pa nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa, tòun ti láílọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ilé tí a kọ́ fún un gan-an nìyẹn. Eruku díẹ̀ àti ọ̀rá ìka ọwọ́ wa tó wà lára gíláàsì ti tó o jẹ. Bó bá wá pẹ́ níbẹ̀, omi kíkan tó ń ti ara rẹ̀ jáde á jẹ gíláàsì fúnra rẹ̀. Nígbà náà, bí ẹ tilẹ̀ nù ún mọ́ tónítóní, àpá rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà nílẹ̀ olóoru ti ní oògùn rẹ̀ tipẹ́, kò sì wọ́n. Wọ́n á lu ihò sí òkè àti ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á fi gílóòbù oníwáàtì 25 tàbí 40 sísàlẹ̀ inú rẹ̀, á sì máa tàn tọ̀sán-tòru. Ooru rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nítorí náà gílóòbù àtijọ́ tí ń gbóná ni kí ẹ rà o, kì í ṣe tuntun tí kì í jẹ iná yìí, kí ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ pákó. Níbi tí iná kò bá sí (mo gbọ́ ẹ̀rín yín lẹ́yìn yẹn), ẹ wá silica gel, hóró wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró tó máa ń fa omi mu. Èyí nìkan ni a fi ń dé àpótí pa, torí bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní gbangba, gbogbo afẹ́fẹ́ àdúgbò ni yóò máa bá fa omi. Bó bá mu ún yó, á di píńkì. Ẹ yan án lórí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á tún padà di aláwọ̀ aró, ẹ tún dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ó má jẹ́ páànù tí ẹ fi ń din ẹyin o, kẹ́míkà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló jẹ́ kí a tì wọ́n mọ́lé, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Èmi wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní SS2, mo fẹ́ wo awọ àlùbọ́sà. Mo yí lẹ́ńsì 40 wá sípò, mo fojú sí òkè, mo ń yí nọ́ọ̀bù ńlá. Mi ò rí nǹkan kan, mo tún yí i sí i. Mo gbọ́ "kẹ̀ẹ̀". Síláìdì ti fọ́, imú lẹ́ńsì ti ha. Mo rọra padà síjòókòó mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tó ń tọ́jú lábù nígbà náà, tí mo rí ní ìlà kejì níbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀wọ́ sà, èmi ni.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ohun tí wọn ì bá sì kọ́ mi kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi ọwọ́ kan di apá rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìkejì gbé ìdí rẹ̀. Ẹ má gbé e dání bíi kẹ́tùlù. Orí tábìlì tí kò mì ni kí ẹ gbé e kà. Bó bá jẹ́ onídígí, ojú ọ̀run ni kí ẹ kọ dígí náà sí, kì í ṣe oòrùn, torí oòrùn tó bá gba inú lẹ́ńsì wọlé lè ba ojú jẹ́ pátápátá. Èyí tó ń lo iná, ẹ so ó mọ́ stabilizer, kí ẹ rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tàn án àti kí ẹ tó pa á.

Lẹ́ńsì tó kéré jù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, 4 tàbí 10. Ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa wo àlàfo tó wà láàrin lẹ́ńsì àti síláìdì bí ẹ ṣe ń yí nọ́ọ̀bù ńlá kí méjèèjì lè sún mọ́ra dáadáa. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú sí òkè, kí ẹ wá máa yí i padà, kí wọ́n máa jìnnà síra, títí àwòrán yóò fi yọ. Àṣírí ibẹ̀ nìyí: bí ojú bá ti wà lókè, jíjìnnà ni à ń jìnnà, a kì í sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá wá yí i sí 40, nọ́ọ̀bù kékeré nìkan ni kí ọwọ́ yín kàn. Lẹ́ńsì ojú jẹ́ 10, nítorí náà ohun tí ẹ ń wò ti di ìlọ́po 400, yíyí díẹ̀ ti pọ̀. Kó má yà yín lẹ́nu bí ẹ bá ti síláìdì sọ́tùn-ún tí àwòrán sá lọ sósì, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ la ojú méjèèjì o. Ẹni tó bá ń di ọ̀kan, orí á fọ́ ọ kó tó parí iṣẹ́. Ohun tí kò bá sì ní àwọ̀, bí awọ àlùbọ́sà mi yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń pa á rẹ́ ni. Ẹ dín ihò abẹ́ pèpéle kù, ẹ ó rí i.

Lẹ́ńsì 100 ló yàtọ̀. Òun ni a fi ń wá kòkòrò ibà, òun nìkan ló sì ń mu òróró. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti inú gíláàsì bọ́ sínú afẹ́fẹ́ máa ń ṣẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì sọnù kó tó dé inú lẹ́ńsì. Òróró immersion ń darí ìmọ́lẹ̀ bí gíláàsì ṣe ń darí rẹ̀, nítorí náà bí a bá kán an sí àárín wọn, ìmọ́lẹ̀ á kọjá bí ẹni pé gíláàsì kan náà ni. Ẹ̀kán kan ṣoṣo. Kì í ṣe òróró tí a fi ń din dòdò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí i rí. Bí iṣẹ́ bá ti parí, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ nù ún, lẹ́ńsì pépà ni kí ẹ sì lò, kì í ṣe etí aṣọ, kì í ṣe tíṣù tí a fi ń nu imú. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ mọ́jú, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á gan. Bó bá sì ta sí lẹ́ńsì 40, kíákíá ni, torí ìyẹn kì í mu òróró.

Ẹ lè ní kí ló kàn yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ̀yin lọ́yà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ara ọmọ mi gbóná lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo gbé e lọ sí lábù kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èsì fi jáde: "MP ++". Ara fu mí. Aró Giemsa tí wọ́n fi ń pa ẹ̀jẹ̀ láró, bí wọ́n bá tilẹ̀ pò ó kó le, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yẹ kó lò lórí síláìdì. Mo bẹ̀ wọ́n kí n wò ó. Ìgbà tí mo fojú sí i, àfi bí ẹni ń wo òde láti inú mọ́tò tí ẹrẹ̀ ta bo gíláàsì rẹ̀. Òróró àná, òróró ìjẹta, gbogbo rẹ̀ ti gan mọ́ lẹ́ńsì 100. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Àǹtí, bí a ṣe bá a nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, plus méjì la máa ń kọ."

Kòkòrò ibà tí aró bá mú dáadáa kò ṣòro láti mọ̀. Bí òrùka kékeré aláwọ̀ aró ló rí, tó ní òkúta pupa kan lórí, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó wà ní lábù kejì wá òrùka yẹn ní ibi 100 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí síláìdì, bó ṣe yẹ kí a ṣe kí a tó sọ pé kò sí. Kò rí ẹyọ kan. Dókítà wá yẹ ọmọ náà wò: etí rẹ̀ ló ti ń gbọ́n ọyún nínú. À bá máa fún un ní oògùn ibà, kí etí máa bàjẹ́ lọ.

Ẹnìkan á ní káàdì tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ti dé. Òótọ́ ni, ó sì wúlò. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà, ìbáà jẹ́ káàdì, ìbáà jẹ́ máíkírósíkóòpù. Ṣùgbọ́n káàdì kò lè ka iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì ṣì máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa á tán.

Nígbà tí mo ń wo arúgbó orí tábìlì yẹn, Ronald Ross ni mo rántí. Laveran ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní Algeria ní 1880, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i nínú ẹ̀fọn. Ross, dókítà ológun, ló rí i ní Secunderabad, nílẹ̀ Íńdíà, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 1897. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òógùn iwájú orí òun ti mú kí síkúrù máíkírósíkóòpù òun dípẹtà, lẹ́ńsì ojú kan ṣoṣo tó kù sì ti sán. Ooru ń mú un, kò sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ òun ní abẹ̀bẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbá ẹ̀fọn tó ti là sílẹ̀ lọ. Ohun èlò onípẹtà yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1902.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní dìbò fún mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí a ra méjì. Owó mẹ́rin tó kù, ẹ jẹ́ kí a fi pe oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tú kó wo àwọn inú kọ́bọ́ọ̀dù, bóyá ọ̀kan tàbí méjì á ṣì ríran. Kí a fi ra lẹ́ńsì pépà, òróró gidi, silica gel, kí káfíńtà lu ihò sí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Kí a sì rán ọmọbìnrin tó ń tọ́jú lábù báyìí lọ kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọ́n fà lé òun lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dára ní fọ́tò. Mẹ́fà tuntun lórí tábìlì, ríbọ́nnì lára wọn, àwọn olóyè ẹgbẹ́ lẹ́yìn wọn, ìyẹn ló máa ń wu ojú nínú ìwé wa yìí. Èmi náà ni mo kúkú máa ń ya á.

Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí títí di aago mẹ́ta. Ẹ lọ wò ó fúnra yín kí ẹ tó dìbò. Arúgbó yẹn wà lẹ́bàá fèrèsé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán omi kòtò tuntun sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, lẹ́ńsì 10 ló wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù ńlá.